Eku Tí A Kó Jọ Láti Ọjà: Oúnjẹ Ológbò Sísè Nílé ní Ìdànrè

Ní Ìdànrè, iṣẹ́ ni ológbò bá wọlé. Ẹni tó ń sá kòkó, tó ń kó o sápò de àwọn tó ń rà á, mọ ohun tí eku ń fi àpò ṣe lóru ọjọ́ kan. Ẹni tó kó àgbàdo sórí àjà náà mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Síbẹ̀, láti Alade dé Odòde, ẹ bi àwọn tó ń sin ológbò léèrè ohun tó ń jẹ, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Eku ló ń jẹ. Bí kò bá rí eku, á jẹ èyí tí a bá jẹ kù."

Èyí tí a bá jẹ kù yẹn gan-an ni ìṣòro. Òkèlè ẹ̀bà tí a fi ọbẹ̀ ilá rẹ, egungun ẹja Titus, ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò pẹ̀lú ata àti mágí lára. Ológbò á jẹ ẹ́, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ á máa re, ara rẹ̀ á máa joro, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹun lójoojúmọ́. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni bí a ṣe lè ti inú ọjà tí àwa fúnra wa ń ná se oúnjẹ tí ara ológbò lè lò, láìná owó gọbọi.

Eku ni òṣùwọ̀n

Ẹ wo ológbò tó pa eku tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́. Orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Á rún agbárí náà wómúwómú, á wọ inú àyà, á jẹ ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, á rún egungun kéékèèké mọ́ ẹran. Nígbà tó bá parí, ó lè má ṣẹ́ ku ju ìrù àti ìfun díẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti jẹ ẹran, ọ̀rá, egungun àti ẹ̀jẹ̀. Ó ti mu omi pẹ̀lú, torí bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ara eku ló jẹ́ omi. Kò sí ẹ̀bà níbẹ̀, kò sì sí àgbàdo, àfi ìwọ̀nba tó wà nínú ikùn eku fúnra rẹ̀.

Òṣùwọ̀n wa nìyẹn. Nínú gbogbo ìkòkò tí a fẹ́ gbé kaná nínú orí yìí, eku odindi la fẹ́ tún kó jọ láti orí tábìlì alápatà àti ti ẹlẹ́ja. Ohun tó wà lára eku, ẹ gbọ́dọ̀ wá arọ́pò rẹ̀. Ohun tí kò sí lára eku, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bù ú sáwo.

Ajá lè jẹ àmàlà kó sì rí nǹkan fi í ṣe. Ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko tó fi ẹran ṣe gbogbo ayé rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ohun tí ara ẹranko mìíràn lè pò fúnra rẹ̀, inú ẹran ló ti ń rí tirẹ̀. Ohun mẹ́rin tó ń rí lára eku ló yẹ ká mọ̀ dunjú.

Taurine ni àkọ́kọ́. Inú ẹran ló wà, pàápàá inú iṣan tí kì í sinmi, bí ọkàn. Ara ológbò kò lè ṣe èyí tó tó o. Bí kò bá rí i jẹ, ojú rẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á wú, agbára rẹ̀ á sì lọ. Ní 1987 ni àwọn oníwádìí ní Yunifásítì California ní Davis fi hàn pé àìtó taurine ló wà nídìí àrùn ọkàn tó ń pa àwọn ológbò tó ń jẹ oúnjẹ inú agolo àti inú páálí. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní taurine, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn padà bọ̀ sípò, àwọn ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún oúnjẹ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ tó gba onímọ̀ síṣẹ́ bá lè fo nǹkan yìí dá, àwa tó ń dáná lẹ́yìnkùlé gbọ́dọ̀ lajú sí i.

Èkejì ni fítámì A. Èèyàn lè jẹ epo pupa tàbí kárọ́ọ̀tì, kí ara rẹ̀ sọ ọ́ di fítámì A. Ológbò kò ní ohun tó fi lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Epo pupa tí ẹ bù sí oúnjẹ rẹ̀ kò fún un ní fítámì A kankan. Ẹ̀dọ̀ ló máa fún un.

Ẹ̀kẹta ni kálísíọ̀mù. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹran lásán, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ológbò tó ń jẹ ẹran aláìlégungun lójoojúmọ́ á máa yọ kálísíọ̀mù lára egungun tirẹ̀. Ara ọmọ ológbò ni èyí ti máa ń tètè hàn: ẹsẹ̀ á wọ́, á bẹ́ láti orí àga, egungun á dá.

Ẹ̀kẹrin ni omi. Inú ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn baba ńlá ológbò ilé ti wá, ìyẹn ológbò ìgbẹ́ tó wà ní Áfíríkà àti Àárín Ìlà-Oòrùn Ayé. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́, omi inú ẹran ló gbójú lé. Bí ó bá ń jẹ gbígbẹ tí kò sì mumi, ìtọ̀ rẹ̀ á ki, òkúta lè dì sí àpò ìtọ̀. Èyí tó jẹ́ akọ lè má lè tọ̀ mọ́ rárá, ìyẹn sì lè pa á láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Lọ́jà

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alápatà, ẹ múra sílẹ̀ de ẹ̀rín.

"Ẹ kú ọjà o, bàbá. Ẹ bá mi gé ọkàn, kí ẹ sì gé ẹ̀dọ̀ tó tó ìka méjì mọ́ ọn."

"Ẹ̀dọ̀ ìka méjì? Màmá, ṣé ọmọ tuntun lẹ fẹ́ fún ni?"

"Ológbò ni, bàbá."

"Háà! Ológbò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀! Ẹ má jẹ́ kí èkúté gbọ́ o."

Ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ gba ẹ̀dọ̀ yín. Ohun tó yẹ kó wà nínú apẹ̀rẹ̀ nìyí:

• Itan adìẹ tàbí ti tòlótòló. Ẹran dúdú itan ní taurine ju ẹran funfun àyà lọ. Kò sídìí láti máa du ẹran àyà nítorí ológbò.

• Ọkàn, ti màlúù, ti ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ. Kò sí ibòmíràn lára ẹran tó tún ṣe é lóore tó èyí.

• Ẹ̀dọ̀ díẹ̀. Nínú kílò oúnjẹ kan, gíráàmù 50 ti tó. Ológbò tí wọ́n ń fi ẹ̀dọ̀ púpọ̀ bọ́ lójoojúmọ́ a máa ní àpọ̀jù fítámì A, egungun ọrùn rẹ̀ á so pọ̀, kò ní lè yí orí mọ́.

• Ẹyin. Ẹ ó se inú rẹ̀, ẹ ó sì tún lo èèpo rẹ̀.

• Ẹja inú òkun, bíi Titus tàbí ṣàwá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ó ní ayódíìnì, ó sì ní ọ̀rá tó dára fún irun àti awọ.

• Iwe adìẹ, orí àti ẹsẹ̀ adìẹ, bí owó kò bá tó. Ẹ fi wọ́n kún ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ipò itan àti ọkàn.

Ẹ fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀ fún ọbẹ̀ tiwa. Awọ lásán ni, ohun tó ń ṣe ológbò lóore kò sí nínú rẹ̀. Ẹja gbígbẹ oníyọ̀ náà kò yẹ ẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹja odò tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe pa á: àwọn kan ti da oògùn kòkó bíi Gammalin 20 sódò rí kí ẹja lè léfòó. Èyí tó léwu fún ológbò níbẹ̀ léwu fún ẹ̀yin náà.

Èèpo ẹyin di egungun

Ẹ má da èèpo ẹyin nù mọ́. Ẹ fi omi lásán ṣan inú rẹ̀ títí yíyọ̀ tó wà lára rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sá a sínú oòrùn lórí àwo tó mọ́. Bó bá gbẹ tán, bí ẹ bá fún un mọ́wọ́, kíá ló ń fọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ gún un nínú odó kékeré, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ gbígbẹ tí kò ní ata lára. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré jọ̀ ọ́. Ẹ bu díẹ̀ sí àárín ìka méjì, kí ẹ fi wọ́n ra ara wọn: ó gbọ́dọ̀ kúnná bí àtíkè. Bí ó bá ṣì ń ha ìka, ẹ dá a padà sórí ọlọ.

Èèpo ẹyin kan máa ń fún yín ní bíi ṣíbí ìmutíì kan. Ṣíbí kan tó tẹ́jú ní kálísíọ̀mù tó nǹkan bíi gíráàmù 2, ìyẹn sì ni kílò ẹran aláìlégungun kan nílò. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Kò ní bàjẹ́ fún oṣù púpọ̀.

Ìkòkò kìíní: adìẹ

Èyí ni ìkòkò ojoojúmọ́. Ó jẹ́ nǹkan bíi kílò kan kí ẹ tó sè é:

• itan adìẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀, pẹ̀lú awọ díẹ̀: gíráàmù 700
• ọkàn: gíráàmù 200
• ẹ̀dọ̀: gíráàmù 50
• ẹyin: 1
• lúbúlúbú èèpo ẹyin: ṣíbí ìmutíì 1 tó tẹ́jú
• omi: ife 1

Ẹ gé itan àti ọkàn wẹ́wẹ́. Ẹ kó wọn sínú ìkòkò pẹ̀lú ife omi yẹn nìkan, ẹ dé e, kí ẹ dín iná kù. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi àlùbọ́sà sí i, ẹ má fi ohunkóhun sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ ju ẹ̀dọ̀ sí i, ẹ fọ́ ẹyin lé e, kí ẹ rò ó. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ kò bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú mọ́, tí ẹyin sì ti dì, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹyin jinná dáadáa, torí funfun ẹyin tútù a máa gba ọ̀kan nínú àwọn fítámì B mọ́ ara lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ gé e tàbí kí ẹ gún un fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wọ́n lúbúlúbú èèpo ẹyin sí i, kí ẹ pò ó pọ̀ mọ́ gbogbo omi rẹ̀. Omi yẹn ni kí ẹ má ṣe dà nù láé. Taurine a máa yọ́ sínú omi tí a fi se ẹran. Ẹni tó bá da omi nù ti da ohun tó tìtorí rẹ̀ ra ọkàn nù. Àìbómi púpọ̀ kaná náà wà fún ìdí kan yìí.

Ọ̀nà kan wà tó dín iṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń se ẹran ọbẹ̀ ilé, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ láìní iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Ẹ bu ti ológbò sọ́tọ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀, kí ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í da èròjà sí tiyín. Iná kan, ìkòkò kan, ọbẹ̀ ilé kò pàdánù ohunkóhun.

Egungun ńkọ́? Egungun adìẹ tútù rọ̀. Èyí tí a ti sè a máa là sí ṣóńṣó, ó lè gún ọ̀fun tàbí ìfun. Ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹsẹ̀ adìẹ tàbí orí rẹ̀ tí ẹ bá sè nínú ìkòkò pẹ́ṣà títí egungun fi ń fọ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lè wọ inú oúnjẹ. Èyí tí kò bá fọ́ lábẹ́ ìka, ẹ yọ ọ́.

Ìkòkò kejì: ṣàwá

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún ẹja. Ẹ fọ ṣàwá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ yọ ìfun wọn, kí ẹ kó wọn sínú pẹ́ṣà pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ sè é fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí egungun rẹ̀ lè rọ̀ débi tó fi ń wó mọ́ ẹran. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, èèpo ẹyin ò pọn dandan mọ́. Ẹja náà ti gbé egungun tirẹ̀ dání. Titus tóbi jù fún èyí: ẹ sè é, ẹ ṣa egungun rẹ̀ dànù, kí ẹ wọ́n lúbúlúbú yín sí i.

Ẹja tútù lójoojúmọ́ kò dára. Nínú oríṣi ẹja kan, ohun kan wà tó ń pa fítámì B1 run. Iná ló ń pa ohun náà. Ológbò tí B1 tán lára rẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, orí rẹ̀ á máa tẹ̀ wálẹ̀, gìrì lè mú un. Bí ẹja ọlọ́ràá bá sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, kódà kó jinná, fítámì E inú ara ológbò á tán, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ á wú, á sì máa dùn ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Ìkòkò kẹta: màlúù

Nígbà tí adìẹ bá gbówó lórí, ẹ fi ẹran màlúù tó ní ọ̀rá díẹ̀ rọ́pò itan adìẹ, gíráàmù 600, kí ẹ sọ ọkàn di gíráàmù 300. Ìyókù kò yí padà. Ẹran màlúù tó le gba gígé wẹ́wẹ́ àti iná tó pẹ́ díẹ̀. Bí owó kò bá tó páàpáà, ẹ lè fi ìrẹsì jíjinná tàbí iṣu tí a gún kún un, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyẹn á kún inú. Kò lè dípò ẹran.

Èló ló tó?

Ológbò àgbà tó wọn kílò 4 máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 130 sí 150 oúnjẹ jíjinná lóòjọ́. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo agolo mílíìkì kékeré: agolo kan lójúmọ́, tí ẹ kò kì mọ́lẹ̀, ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Ìkòkò kílò kan á tó ológbò kan fún bíi ọjọ́ mẹ́fà. Abo tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú lè jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ títí yóò fi yó.

Ọwọ́ yín ló máa sọ bóyá òṣùwọ̀n náà bá a mu. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ó yẹ kí ẹ máa mọ ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bí ìhà bá yọ sójú, ẹ fi kún oúnjẹ. Bí ẹ bá ní láti wá a kí ẹ tó rí i, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Gbígbà á kúrò lọ́wọ́ ẹ̀bà

Ológbò tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ata àti mágí lè gbọ́ òórùn oúnjẹ tuntun kó kọ̀yìn sí i. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì fi ebi pa á kó lè gbà. Ológbò tí kò bá jẹun rárá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì ń pani. Ẹ fi ọjọ́ méje sí mẹ́wàá yí i padà: ìdá kan tuntun sí ìdá mẹ́ta àtijọ́, láìsí ọbẹ̀ lára rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá rọ̀, ẹ dúró lórí ìwọ̀n tí ẹ wà fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹ gbé e fún un ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Eku tí ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbóná tó nǹkan bíi 38 lórí ìwọ̀n Celsius, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ológbò fi ń kọ oúnjẹ tó ti inú fíríìjì jáde tààrà. Ẹ da ṣíbí omi gbígbóná méjì sí i, ẹ rò ó. Òórùn rẹ̀ á jáde, omi tó nílò náà á sì wọlé.

Iná ọba àti èèrà

Níbi tí iná bá ń wà déédéé, oúnjẹ yìí lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá pín in sínú náílọ́ọ̀nù, agolo mílíìkì kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè lo oṣù kan nínú fìríìsà. Níbi tí iná kì í bá dúró, ẹ má se kílò kan. Ẹ pín gbogbo òṣùwọ̀n náà sí mẹ́fà, kí ẹ se ti òòjọ́, láàárọ̀. Ti alẹ́, ẹ gbé e kaná kó hó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fún un. Èyí tó bá wà nínú àwo rẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa yìí, ẹ kó o dànù.

Ẹ gbé àwo rẹ̀ sínú ọpọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní omi díẹ̀, kí èèrà má bàa dé ibẹ̀. Kí àwo náà má jẹ́ agolo oògùn kòkó tí a fọ̀. Oògùn tí a fi ń wọ́n kòkó nígbà òjò a máa mu wọ inú agolo. Fífọ̀ kì í mú un kúrò tán.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ àwo

Àlùbọ́sà àti aáyù ló ṣáájú, ì báà jẹ́ tútù, gbígbẹ tàbí èyí tó ti jinná. Wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ sì tó láti ṣe é. Ìdí nìyí tí omi ọbẹ̀ fi burú: kò sí ọbẹ̀ wa tí kò ní àlùbọ́sà, mágí tí a fi sí i pàápàá sì sábà máa ń ní in nínú.

Kòkó ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìlú wa sì ni ìlú kòkó. Theobromine inú èso rẹ̀ ń da ọkàn ológbò láàmú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ológbò tó ń jẹ kòkó tí a sá sílẹ̀, torí ológbò kò mọ adùn ṣúgà: ní 2005, àwọn oníwádìí ní Philadelphia rí i pé ohun tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n lórí ahọ́n ti bàjẹ́ láti ìran wá. Mílíìkì ló ń tàn án. Ọmọ tó mu Bournvita kù sí ìsàlẹ̀ ife, tó gbé e fún ológbò lá, ti fún un ní kòkó. Mílíìkì fúnra rẹ̀ náà kì í bá ọ̀pọ̀ ológbò àgbà lára mu. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń dá sí wọn lára.

Ìgbín tútù ń gbé aràn ẹ̀dọ̀fóró wọlé. Ẹran tútù lè gbé aràn àti kòkòrò àrùn, èyí tó lè ran aláboyún inú ilé. Kí ẹnikẹ́ni má fún ológbò ní Panadol tàbí paracetamol kankan nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á.

Bó bá yó, ṣé á ṣì pa eku?

Ìbéèrè tí gbogbo ará Ìdànrè máa bi yín nìyí, torí èrò àwọn kan ni pé ebi ló ń mú ológbò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ebi nìkan. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Exeter ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2021, àwọn ológbò tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ dín ẹran tí wọ́n ń pa wálé kù pẹ̀lú ìdá 36 nínú 100. Ó dín kù, kò dáwọ́ dúró. Ológbò tó yó ṣì ń dọdẹ, ara rẹ̀ sì le ju ti èyí tó ń fi ẹ̀bà gbéra lọ.

Dídín tó dín yẹn gan-an ṣe wá láǹfààní. Lórí òkè Ìdànrè, irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ológbò tó yó, tó ń sùn nílé lálẹ́, kò ní fi òkè ṣe ibi ìdọdẹ. Àǹfààní kejì kan àwa fúnra wa: Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù, eku ló sì ń gbé e kiri. Eku tí ológbò gbé wọlé, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́, ẹ sin ín, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ibi tó wà. Ilé tó bá ní ológbò kò gbọdọ̀ ní oògùn eku, torí eku tó jẹ oògùn kì í sáré, òun sì ni ológbò máa kọ́kọ́ mú.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n ni eku nínú orí yìí. Kì í ṣe òun la fẹ́ kó máa jẹ.

Ibi tí agbára ìkòkò yìí mọ

Ní 2019, àwọn oníwádìí ní Davis kan náà gbé ìlànà oúnjẹ ológbò 114 yẹ̀ wò, láti inú ìwé àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n rí yẹ̀ wò délẹ̀, kò sí ọ̀kan tó pé pérépéré. Tiwa náà kò pé. Fítámì E, B1, sínkì àti máńgáníìsì lè má tó nínú rẹ̀, iná sì ń dín taurine kù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀ lẹ fi ń kún oúnjẹ mìíràn, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ológbò yín yóò máa jẹ fún oṣù mélòó kan, ẹ fi taurine onílúbúlúbú kún un, mílígíráàmù 250 lóòjọ́, kí ẹ sì gba àpòpọ̀ fítámì ológbò lọ́wọ́ dókítà ẹran. Àwọn dókítà ẹran wà ní Àkúrẹ́. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà fún ọ̀ràn tó bá le. Ẹ má fi fítámì èèyàn dánra wò.

Àwọn mìíràn wà tí ẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkòkò yìí fún láìbi dókítà: ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọdún kan, àgbàlagbà tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, àti èyí tí ìtọ̀ ti há mọ́ nínú rí.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ ohun gbogbo tó ń wọ inú ìkòkò sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, títí kan ohun tí àwọn ọmọ ń jù sí i lábẹ́ tábìlì. Bí akọ bá ń lóṣòó nígbà gbogbo láti tọ̀ tí kò rí i tọ̀, bí ológbò kan bá ń mí gúlegúle láìsáré, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ tó sì ń kọlu nǹkan, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.